Ẹni Tí Ẹ Mọ̀ Lọ́jọ́ Kilíáráǹsì Nìkan: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Òṣìṣẹ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga ní Èkìtì

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ alákòóso, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìjerò, láti Adó dé Ọ̀yẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Mo mọ̀ pé lẹ́tà gígùn kì í wu èèyàn kà nígbà tí ìwé ìdánwò tí a kò tí ì máàkì ṣì kún orí tábìlì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù níkùn mi. Ó sàn kí n sọ ọ́ lójú yín ju kí n máa rojọ́ yín lẹ́yìn yín.

Ilé ìkàwé ni iṣẹ́ mi. Mo ti ṣe é ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ju ẹyọ kan lọ ní ìpínlẹ̀ yìí, láti ìgbà tí mo ti ń kó ìwé padà sórí pẹpẹ títí di ìgbà tí wọ́n fi mí ṣe olórí. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ń pè mí ní Màmá Láíbìrì, mi ò sì bínú sí i. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ẹ gbà pé à ń tọ́jú ìwé. Pé à ń ṣàkóso nǹkan kan ni ẹ kò gbà. Àkóso, lójú yín, ti Registrar tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ni, ti Bursar tó ń bójú tó owó ni, ti àwọn díìnì àti olórí ẹ̀ka ni. Tiwa kò ju kí a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí a lu òǹtẹ̀, kí a sì máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n yé pariwo.

Ìgbà kan ṣoṣo ni ẹ máa ń rí wa bí aláṣẹ, ìyẹn ìgbà kilíáráǹsì, tí ẹni tó ń lọ ń gba ẹ̀rí pé kò sí ohun ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn òun. Olùkọ́ tó ń fẹ̀yìn tì, akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó fẹ́ gba sáfíkéètì, òṣìṣẹ́ tó ríṣẹ́ sí ibòmíràn, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ọjọ́ náà ni ọ̀gá tí kì í dáhùn bí a bá kí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò fi ẹ̀rín wọlé: "Màmá wa, ẹ bá mi fọwọ́ sí i jàre, mọ́tò ń dúró." A ó ṣí ìwé ìyáwó, a ó rí i pé ìwé wà lọ́rùn rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní Lecturer III, ẹ̀rín á sì pòórá. Á wá di "ṣé nítorí ìwé lásán-làsàn ni ẹ ṣe fẹ́ dá mi dúró?" Ìwé ọ̀hún kì í ṣe lásán-làsàn lọ́jọ́ tó gbé e lọ o. Bí mo bá sì kọ̀, èmi ni mo di òǹrorò. Ìyẹn ni gbogbo àkóso tí ẹ mọ̀ mọ́ wa: ẹni tó lè kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé.

Òfin kò rí wa bẹ́ẹ̀. Òfin àwọn pólì ìjọba àpapọ̀ ti 1979, èyí tó dé Federal Polytechnic tó wà ní Adó títí di òní, ka Librarian, ìyẹn alákòóso ilé ìkàwé, mọ́ àwọn ọ̀gá pàtàkì ilé ẹ̀kọ́, òun pẹ̀lú Registrar àti Bursar. Rector, ọ̀gá àgbà pólì, ni Librarian ń jábọ̀ fún lórí àkóso ilé ìkàwé, àti lórí gbogbo iṣẹ́ ìkàwé káàkiri àwọn ẹ̀ka. Òfin àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1986, kò yàtọ̀ sí i nípa èyí. Kì í ṣe ẹgbẹ́ wa ló kọ wọ́n. Ní yunifásítì ẹ̀wẹ̀, alákòóso ilé ìkàwé jẹ́ ọmọ Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ẹ wo Ìkẹ́rẹ́ tí gbogbo wa mọ̀: kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ni láti 1977, ó ti di yunifásítì báyìí, orúkọ olóògbé Bámidélé Olúmilúà tó ti ṣe gómìnà Oǹdó àtijọ́ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá di yunifásítì báyẹn, pẹpẹ ìwé kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà, ẹni tí ẹ kì í pè sípàdé tẹ́lẹ̀ á bá ara rẹ̀ ní Sẹ́nétì. Ṣé ọgbọ́n tuntun ló já lù ú lóru ni? Iṣẹ́ tó ń ṣe náà ló ń ṣe. Ojú tí ẹ fi ń wò ó ló yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣáájú, nítorí òun ló máa ń dùn mí jù. Bí akọ̀wé kan bá bá ọ̀gá rẹ̀ jà, ibo ni wọ́n ń gbé e lọ? Ilé ìkàwé. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, "ẹ jẹ́ kó lọ sinmi ní láíbìrì." Ẹni tó ń mutí wá sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ owó kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí wọn kò fẹ́ kó sún mọ́ Bọ́sárì, ọ́fíìsì owó, mọ́, ọ̀dọ̀ wa náà ni. Wọ́n á fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́, á dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mi ò ní mọ̀ pé ó ń bọ̀ títí á fi dúró níwájú mi. Mo ti gba irú wọn tí wọ́n wá di òṣìṣẹ́ gidi, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí léèrè?

Kí n wá fi ẹni tí kò ríran dáadáa sídìí títo ìwé? Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ètò títo ìwé ti Library of Congress ní Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé gíga wa ń lò: ìwé nípa ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ L, ìwé nípa èdè Yorùbá wà ní àyíká PL8821. Ìwé tó bá ti ṣìnà lọ sórí pẹpẹ tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà nínú ilé. Olùkọ́ Yorùbá á wá a títí, kò ní rí i, á sì lọ sọ fún gbogbo ẹ̀ka pé láíbìrì kò níwèé. Láti 1995 ni òfin ti dá LRCN sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ kì í ní kí ẹnikẹ́ni tó ṣáà ti lè ka ìwé òfin lọ gbẹjọ́ rò ní kóòtù Adó. Ẹ kì í gbé dírẹ́bà tó bínú lọ sí yàrá abẹrẹ ní ilé ìwòsàn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ilé ìkàwé nìkan ni ẹ rò pé ó gba gbogbo ayé.

Ẹ ó wá rí i pé ohun tó ń jẹ́ àkóso kò jìnnà sí ohun tí mò ń sọ. Ta ló ń pín àwọn èèyàn sí iṣẹ́ àárọ̀ àti iṣẹ́ alẹ́ nígbà ìdánwò, tí obìnrin tó lọ́mọ lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀, tí ilé kò sì gbọ́dọ̀ ṣófo? Ta ló ń kọ mẹ́mò lórí òrùlé tó ń jò, tó tún ń lọ dúró ti mẹ́mò ọ̀hún ní ẹ̀ka iṣẹ́ títí òjò á fi dá? Ẹni tó mọ òjò Èkìtì mọ ohun tí omi alẹ́ kan lè ṣe sí ìwé tí a fi odindi ọdún kó jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fa ojú ìwé ya fi sábẹ́ aṣọ, iwájú wa ló kọ́kọ́ ń dé kó tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìbáwí. Bí sáà bá parí, a ó ka gbogbo ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fi wé ìwé àkọsílẹ̀ wa, a ó mọ èyí tó sọnù, a ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn aṣàyẹ̀wò owó. Ẹ̀yin wà nílé nígbà náà, ẹ wà ní ìsinmi.

Ti ìwé àtijọ́ nìkan tó ìtàn. Nígbà kan, mo kó àwọn ìwé kan kúrò lórí pẹpẹ: ìwé kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń lo flọ́pì, ìwé nípa ètò ìjọba tó ṣì ń sọ pé ìpínlẹ̀ 19 ni Nàìjíríà ní, nígbà tí Èkìtì kò tí ì sí rárá, àti àwọn mìíràn tí ikán ti bá sọ̀rọ̀. Mo kó wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, mo kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀, mò ń dúró de ìgbìmọ̀ tó máa fọwọ́ sí i pé kí a yọ wọ́n kúrò nínú ẹrù ìjọba. Olùkọ́ kan gba ibẹ̀ kọjá. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọ̀dọ̀ Provost, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló gbà lọ tààrà: "Wọ́n ń da ìwé ìjọba nù ní láíbìrì." Kí ó tó di ọ̀sán, kúẹ́rì ti dé orí tábìlì mi.

Mo dá kúẹ́rì lóhùn, mo so orúkọ àwọn ìwé náà àti ìlànà tí a ń tẹ̀lé mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹni tó máa rí Bursar tó ń yọ ọkọ̀ tó ti gbó kúrò nínú ẹrù kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yóò pè é ní olè. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tó ti kú. Pẹpẹ tó kún fún òkú ìwé ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ju pẹpẹ tó ṣófo lọ. Bí ọmọ bá rí i pé ilé kún, á mú èyí tó wà ńbẹ̀, á fi kọ iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ̀yin náà á sì fún un ní òdo.

Ibi tí owó wà gan-an ni wọ́n ti ń gbàgbé wa jù. TETFund, àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lónìí, láti inú owó orí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń san. Òfin 2011 ló gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà yìí, owó ilé ìkàwé sì máa ń wà lọ́tọ̀ nínú owó tó ń pín. Ó yẹ kó jẹ́ pé àwa la máa lọ bá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí a bèèrè ohun tí wọ́n ń kọ́, kí a wo ohun tó ti wà nílẹ̀, kí a tó kọ ohun tó yẹ kí a rà. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọjọ́ tí lọ́rì dé ni mo kọ́kọ́ rí orúkọ àwọn ìwé náà. Ìwé kan ṣoṣo wà ńbẹ̀ lọ́pọ̀ ẹ̀dà, ó kún páálí mélòó kan, ìwé nípa iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ nínú ọgbà wa. Ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, tó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, kò rí nǹkan kan gbà. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà á. Mo fọwọ́ sí iye tí mo rí, mo kọ ohun tí mo rí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú wọn kò dùn. Wọ́n ní Màmá Láíbìrì ti ń ṣe ju ara rẹ̀ lọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń wá ṣe àyẹ̀wò láti NCCE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, ní àwọn ń bọ̀. Lójijì, mo di ọ̀gá! Ọkọ̀ Provost gan-an ni wọ́n fi ń gbé mi kiri. Gbogbo ènìyàn ń bi mí pé ìwé mélòó ni ẹ̀ka àwọn ní, ọdún wo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣé a lè rí àwọn mìíràn yá láti ìlú kejì. Mo ní rárá sí ti yíyá. Bí àbájáde bá dára, ẹ̀ka ló gbà á. Bí kò bá dára, "láíbìrì ló kó wa sí i." Èmi kò mọ irú àkóso tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń ná owó, tí àwa sì ń gba èébú.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀. A ti gbé kátálọ́ọ̀gù wa sórí Koha, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ti New Zealand wá, tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé Nàìjíríà ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ ìwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú rẹ̀ mọ̀ pé kò sí ọ̀fẹ́ nínú òógùn. Nígbà ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wá gbé kọ̀ǹpútà tí kátálọ́ọ̀gù wà lórí rẹ̀, wọ́n ní ọ̀kan tó lágbára ni àwọn ń wá. Ṣé ẹ lè wọ Bọ́sárì lọ gbé èyí tí owó oṣù yín wà lórí rẹ̀? Nígbà tí wọ́n sì kọ́ ilé tuntun tí wọ́n pè ní láíbìrì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Àwọn náà jẹ́ ọmọlúàbí, wọ́n mọ wáyà, wọ́n mọ rọ́tà. Ta ló máa mọ jọ́nà, ìwé tó ń gbé àpilẹ̀kọ ìwádìí jáde, tó yẹ kí a sanwó rẹ̀, èyí tó jẹ́ jìbìtì, èyí tí sáà ìsanwó rẹ̀ ti parí? Àwọn ọmọ ń lo ibẹ̀ fún Facebook, ilẹ̀kùn sì máa ń wà ní títì lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo mọ ohun tó fa ọ̀pọ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Olùkọ́ ni wọ́n kà wá sí lórí ìwé: owó oṣù àwọn olùkọ́ là ń gbà, COEASU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni ẹgbẹ́ wa ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, a gbọ́dọ̀ kọ àpilẹ̀kọ kí a tó gba ìgbéga. Ṣùgbọ́n a ń wà níbi iṣẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, láàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn olùkọ́ ní a kì í kọ́ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní a kì í ṣe tàwọn. A dà bí àdán tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ, bí wọ́n bá sì ń yan ìgbìmọ̀, ẹ̀yìn ẹgbẹ́ méjèèjì la máa ń bọ́ sí.

Àwa náà ní tiwa. Àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, wọn kì í la ẹnu títí àdúrà ìparí. Àwọn kan kò kọ ìròyìn ọdọọdún rí, wọn kò lè sọ iye ènìyàn tó wọlé lóṣù tó kọjá, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n máa pè wọ́n ní ọ̀gá pàtàkì. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ìwé ju ènìyàn lọ; wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹni tí kò bá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn kò gbọ́dọ̀ bínú bí wọn kò bá rí i. Mo ti sọ èyí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lójú, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀yin nìkan ni mo dojú ọ̀rọ̀ kọ.

Ṣùgbọ́n Èkìtì la wà o. Orísun ìmọ̀ ni a ń pe ara wa. A fẹ́ràn láti máa dárúkọ Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé, òpìtàn tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó, bí ẹni pé inú afẹ́fẹ́ ni òpìtàn ti ń ka ìwé. Ní ìlú tí bàbá ti ń ta oko kí ọmọ lè kàwé, ó ṣòro fún mi láti gbà pé ilé tí ìwé wà ni ẹ ó máa fi ṣe ibi tí ẹ ń kó ohun tí ẹ kò fẹ́ sí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Kí alákòóso ilé ìkàwé jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ìwé tí wọ́n fẹ́ rà, kó sì fọwọ́ sí i kí ó tó kúrò nínú ọgbà, kì í ṣe lẹ́yìn tí lọ́rì ti dé. Kí Registrar bi í léèrè kó tó gbé ẹnikẹ́ni wá bá a. Bó bá ní rárá, kí wọ́n gbọ́. Láíbìrì orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ láíbìrì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà máa tún wáyà ṣe níbẹ̀, kí àwa máa ṣàkóso rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé wà lórí ìwé ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n yàn sínú rẹ̀, tí ẹ ti gbàgbé pé wọ́n yàn yín, mo fẹ́ pe ìpàdé kí ìgbìmọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì tó jókòó. Ẹ wá. N óò se ẹ̀wà, n óò sì ní ìwé ìnáwó ọdún tó kọjá lọ́wọ́ kí ẹ lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹni tí ìwé wa bá sì wà nílé rẹ̀, bóyá lábẹ́ àga, bóyá nínú búùtù ọkọ̀, kó dá a padà kó tó di ìgbà kilíáráǹsì. Bí ojú bá ń tì í, kó fi rán ọmọ. A kò ní bi ọmọ léèrè.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Màmá Láíbìrì,
Adó-Èkìtì.